Omi Tí Bàbá Ọkọ Mi Ń Fún Ọkọ̀ Mi

Nílé bàbá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́, àlejò méjì ni wọ́n máa ń kà mí sí bí mo bá dé. Èmi fúnra mi ni àkọ́kọ́. Màá kúnlẹ̀, Bàbá á gbé omi tútù fún mi nínú kọ́ọ̀pù, màá mu ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè pé, "Ẹni tó gbé ọ wá ńkọ́?" Ọkọ̀ mi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi ọwọ́ kejì tọ ògiri lọ síbi tí mo páàkì sí, wọ́n á sì fún òun náà ní omi tirẹ̀.

Awakọ̀ lọ́rì ni Bàbá, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi wà á. Wọ́n ru pákó, wọ́n ru iyanrìn, wọ́n ru ẹja gbígbẹ dé àwọn ìlú tí èmi ọmọ Ọ̀ṣun fúnra mi kò dé rí. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, kò sí ilé ọmọlúàbí kan tí awakọ̀ máa yà sí tí wọn kò ní fún mọ́tò rẹ̀ lómi kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún òun alára. Àṣà yẹn ni Bàbá gbé wá sórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi. Èdè Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi ń bá mi sọ gbogbo rẹ̀ o, èmi ni mò ń tú u bí mo ṣe ń kọ ọ́, bí mo bá sì tú u sódì, kí wọ́n forí jì mí.

Ojú ló mú wa di èrò ọ̀nà. Ojú Bàbá kì í dùn wọ́n, kì í pọ́n, ṣùgbọ́n ìríran wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Dókítà sọ pé èyí tó ti lọ kò ní padà wá mọ́, pé oògùn tí à ń kán sí i àti àyẹ̀wò oṣooṣù ni yóò dá èyí tó kù dúró. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ní kí Bàbá má wakọ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ti kú, ọkọ mi nìkan lọmọ tí Bàbá ní, Àbújá ló sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mò ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Ìkòròdú ṣe di awakọ̀ fún awakọ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan lóṣù, màá ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, màá gba Ìmọ̀tà àti Ìtòíkín dé Ẹ̀pẹ́, màá gbé Bàbá wá sílé wa, a ó rí dókítà ní Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì, màá sì dá wọn padà lọ́jọ́ kejì náà, torí Bàbá kì í sun oorun méjì níbi tí kì í ṣe tiwọn. Wọn kò sì ní wọ bọ́ọ̀sì láé. Wọ́n ní àwọn kò lè jókòó sẹ́yìn ẹni tí kò mọ jíà á yí. Nítorí náà, bí kò bá sí ọkọ̀ mi, kò sí dókítà nìyẹn.

Mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n nídìí ọkọ̀ yẹn. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dúró kó tutù, wọn kò kánjú. Wọ́n á wá fi àkísà bo ìdérí rèdíétọ̀, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó mí, kí wọ́n tó tún yí i. Wọn kò nílò ojú fún un. Mo mọ̀ pé láàárín ìgbà tí mo bá lọ sí ìgbà tí mo bá tún dé, rédíò ni wọ́n ń gbọ́ ṣáá nínú ilé yẹn. Ọjọ́ tèmi nìkan ni ọwọ́ wọn ń kan ẹ́ńjìnnì. Inú mi máa ń dùn débi pé mi ò bi ara mi léèrè rí irú omi wo ló ń wọnú ọkọ̀ mi.

Ìmọ̀tà ni ìdáhùn ti bá mi. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀, mo ti dá Bàbá padà, mò ń bọ̀ nílé, ni èéfín funfun bá bo gíláàsì iwájú. Àwọn èèyàn bá mi tì í sẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ mìíràn ló sì fa wá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi, ní ọ̀nà tó lọ sí Èbúté Ìkòròdú. Nígbà tó tú u, ó pè mí kí n wá wo ohun tó jáde nínú rèdíétọ̀. Omi náà pọ́n, ó ki, bí ẹni pé wọ́n fi fọ irin tó ti dípẹtà.

"Màdáámù, níbo lẹ ti ń pọn omi yìí?"

Mo ní kànga bàbá ọkọ mi ni, ní Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí ọ̀sà.

"Ẹn-ẹ́n. Omi yẹn níyọ̀ nínú, ó tún ní irin nínú. Ó ti jẹ gbogbo inú ẹ́ńjìnnì yín, ìpẹtà ẹ̀ ló dí àwọn ihò rèdíétọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀, mo máa gbé e lọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ̀ ọ́ rí kẹ́ ẹ tó rà á, kò sí ibi tí wọ́n tún máa lọ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí. Tó bá tún gbóná báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ máa wá ẹ́ńjìnnì mìíràn ni. Kúláǹtì ni kẹ́ ẹ máa lò. Ẹ má jẹ́ kí omi débẹ̀ mọ́."

A kò ní agbára ẹ́ńjìnnì mìíràn nígbà náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe dúró níbẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì gbọ́ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbọ́. Ọjọ́ tó dá ọkọ̀ padà fún mi, mo ra kúláǹtì aláwọ̀ ewé tó wọ́n jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń tà, mo fi àrọ dà á síbẹ̀ lódindi, ìgò lẹ́yìn ìgò, títí rèdíétọ̀ fi kún. Mi ò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan ṣèèṣì kàn án.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí mo fi rí i pé ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí ti ga ju ibi tó máa ń wà lọ, àní ju ìgbà tí omi kànga wà níbẹ̀. Ẹnu mi kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ṣe mí. Mo wakọ̀ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo sì sọ ọ́ sí i débi pé àwọn tó ń lẹ táyà lódìkejì títì dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Mo ní ó jà mí lólè. Mo ní bó bá jẹ́ pé báyìí ni mo ṣe ń rán aṣọ, gbogbo ọmọ Ìkòròdú ni ìbá máa rìn níhòòhò lọ sílé-ìwé. Ó yẹ fáànù wò, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ ní sùúrù, Màdáámù."

Ọkọ mi ló wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, tó gbé ìgò òfìfo kan tí mo fẹ́ fi bu òróró, tó yí i, tó kà á.

Ó ní, "Wọ́n ní kí a fi omi là á, ìlàjì ìlàjì. Ṣé o ka èyí?"

Mo ní mo kà á. Mi ò kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà rèé, mo sì fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Kò sí ohun tó ń gbé iná kúrò lára irin tó omi. Kúláǹtì lásán kò tó o, ó ki jù, kì í tètè gba ooru, kì í sì í tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Àbùkù omi ni pé ó tètè ń hó, ó sì ń jẹ irin. Kúláǹtì ni kì í jẹ́ kó tètè hó, òun ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, òun náà ló ń mú kí pọ́ńpù tó ń tì í káàkiri yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìlú òtútù, wọ́n tún ń lò ó kí omi má baà dì sínú ẹ́ńjìnnì kó sì là á. Ìyẹn kò kan àwa ní Ìkòròdú, níbi tó jẹ́ pé fírísà àwọn ẹlẹ́ja dídì nìkan ni omi ti ń dì, bí iná bá wà. Méjèèjì ló nílò ara wọn ṣá. Omi tí à ń là á pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, irú èyí tí wọ́n ti fi iná yọ ìdọ̀tí rẹ̀, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá fún bátìrì. Ọkọ mi là á, ìlàjì ìlàjì. Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ àárín, ó sì jókòó síbẹ̀. Mo ra mínírà tútù méjì lọ fún mẹkáníìkì. Ó gbà wọ́n, ó ṣí ọ̀kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń mu ún, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ó wá ku Bàbá. Ọkọ mi béèrè bóyá kí òun pè wọ́n, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí. Ta ni èmi tí màá sọ fún ẹni tó wa lọ́rì fún ọgbọ̀n ọdún pé omi tó ń dà sí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á? Bí mo bá sì gba kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ló kù tí wọ́n á máa fi ọwọ́ wọn ṣe? Mo rò ó títí, mo pinnu pé màá jẹ́ kí rèdíétọ̀ kún dẹ́nu. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á bá a ní kíkún, wọ́n á dé e padà, olúkúlùkù á wà lálàáfíà.

Mo dé Ẹ̀pẹ́, mo kúnlẹ̀, mo mu omi mi, mo wọ inú kíṣìnnì lọ gbé ọbẹ̀ Bàbá kaná. Nígbà tí mo fi máa jáde, nǹkan aláwọ̀ ewé ti tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ ọkọ̀. Bàbá lóṣòó sílẹ̀, wọ́n ti tú ìdí rèdíétọ̀.

"Ìyàwó mi, omi ọkọ̀ rẹ ti bàjẹ́ o. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ìsàlẹ̀ àmù. Mo ti dà á nù, mo ti fún un ní tuntun."

Ewúrẹ́ aládùúgbò méjì ti na imú sí i. Mo rántí ohun tí ọkọ mi kà lára ìgò náà, pé nǹkan yẹn dùn lẹ́nu, pé májèlé sì ni. Mo fi ìborùn mi lé ewúrẹ́, mo bu yẹ̀pẹ̀ bo ibẹ̀, mo kó yẹ̀pẹ̀ náà sínú àpò, mo tún bu òmíràn bò ó. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n béèrè pé kí ló dé.

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Mo dúpẹ́ ni o. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti kún ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo fi omi kànga yẹn wakọ̀ dé Ìkòròdú bí ẹni gbé ẹyin, ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ ooru yẹn, Bàbá sì ń béèrè ìdí tí mo fi ń rìn bí ìyàwó tuntun. Mẹkáníìkì fọ gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kejì.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo dá ọgbọ́n mìíràn. Mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Olúwo, níwájú ìyá kan tí mo máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé ilé Bàbá. Mo ní òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà àdúgbò wọn, ọkọ̀ kékeré kò lè wọlé mọ́. Kẹ́ẹ̀gì ti wà lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà. Bàbá ní ó dáa, wọ́n gbé e padà sẹ́yìn ilé. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo mú wọn dé ẹ̀bá títì, mo ní kí wọ́n dúró dè mí, mo lọ gbé ọkọ̀ wá bá wọn, ibẹ̀ náà ni mo sì já wọn sí lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe é báyìí lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó máa fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òjò ti dá, ọ̀nà ti gbẹ, eruku ló kù, irọ́ mi ṣì dúró gbọn-in. Kẹ́ẹ̀gì kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Bàbá fún mi ní omi mi, wọ́n jókòó, wọn kò béèrè ẹni tó gbé mi wá.

Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí, pé wọ́n ti gbàgbé. Ẹni tó bá ń tan ara rẹ̀, ẹni tó ń tàn án kì í jìnnà sí i.

Oṣù kejì rẹ̀ tí mo dé, Bàbá kò tíì wọṣọ. Singiléètì ni wọ́n wọ̀ jókòó sórí àga, báàgì tí wọ́n máa ń gbé wá kò sí nílẹ̀.

"Mi ò lọ. Dókítà ti wo ojú yìí tó. Èyí tó kù níbẹ̀ á gbé mi dé ibi tí mò ń lọ."

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní wọ́n ti ní àyẹ̀wò yìí ló ń dá a dúró. Mo ní kí ni màá sọ fún ọmọ wọn.

"Sọ fún un pé mo ní kí o yéé gbé ọkọ̀ pamọ́ sí ọjà nítorí mi."

Mo béèrè ẹni tó sọ fún wọn.

"Ìyá ẹlẹ́ja tó ò ń gbé e sí níwájú rẹ̀, ìyàwó àbúrò mi ni. Ẹ̀pẹ́ lo wà, ìwọ ọmọ yìí." Wọ́n fọwọ́ nu ojú wọn. "Mo mọ̀ ọ́n. O rò pé ojú mi máa jẹ́ kí n ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń sá pa mọ́ fún mi."

Ó dùn mí wọra, mo sì tún bínú sí ara mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, kì í ṣe ojú yín. Omi yín ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Ìmọ̀tà, mo sọ ti omi pupa tó jáde, mo sọ pé orí ẹ́ńjìnnì kò ní ibi tí wọ́n tún lè lọ̀ mọ́, pé nǹkan tó ń yọ̀ tí wọ́n dà nù, oògùn rẹ̀ ni. Mi ò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́. Ìgbà wo ló ń hó? Ṣé ó ń ṣe pọ́ńpù ní nǹkan kan? Mélòó omi, mélòó oògùn? Mo dá wọn lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n mọ.

"Nígbà tó o kọ́kọ́ da oògùn yẹn sí i, ṣé o fi omi là á?"

Mo ní rárá.

"Kò wá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní, "Ó gbóná jù, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. "Omi ló ń gbé iná. Ẹni tó bá ti fi ẹrù pákó gun òkè rí mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rín náà tán lójú wọn. "Ọjọ́ tó o fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, o ti mọ gbogbo èyí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Kí ló dé tí o kò bú mi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ọ̀wọ̀ yín ni."

"Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ mọ́tò, mo bu omi ọ̀sà sí lọ́rì ọ̀gá mi lọ́jọ́ kan. Láti ibí dé Ìjẹ̀bú-Òde ló fi bú mi, kò sinmi. Mi ò tún bu omi ọ̀sà mọ́. Ọ̀gá mi kà mí kún èèyàn ló ṣe bú mi. Láti ọjọ́ tí ojú mi ti ń lọ, kò sẹ́ni tó bá mi wí mọ́. Mo da ọbẹ̀ nù, ẹ ní kò ṣe nǹkan kan. Mo gbàgbé láti kán oògùn, ọkọ rẹ ní kò burú. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló dáa. Òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún."

Mo ní kí wọ́n forí jì mí.

Bàbá ní, "Bú mi."

Mo ní mi ò lè ṣe é. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé mi nígbà náà.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ mi, mo sì bá bàbá ọkọ mi wí. Mo ní àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ rí ohun tí ẹ kò mọ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ẹ kò béèrè, ẹ dà á nù. Mo ní díẹ̀ ló kù kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì mi. Mo ní ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ ìbá kú sí wa lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti ròkè, omijé sì ń bọ́ lójú mi, mo ní ẹ tún wá ń bá dókítà ṣe agídí, ṣé ẹ fẹ́ kí ojú yẹn lọ tán pátápátá ni? Aládùúgbò gbọ́, ó yọjú lórí fẹ́ǹsì. Bàbá ní kó máa wọlé lọ, wọ́n ní ìyàwó àwọn ń bá àwọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, wọ́n béèrè bóyá ó ti tán. Mo ní ó kù. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó kù nínú ọkọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa ní Ìtòíkín, wọ́n sì dìde lọ wọ ẹ̀wù wọn.